Jímọ̀ Tí Mo Kọ ní Mọ́ńdè

Bí mo bá ní aláǹgbá kan gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà wa kọjá láàárọ̀, tí ó fi máa dé òdì kejì ó ti di súyà, ẹ má bá mi jiyàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣọ́ bọ́ílà náà ní iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ọgbà. Ìkòkò irin ni, ó gùn tó bọ́ọ̀sì. Iná ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ń hó nínú rẹ̀, ooru omi yẹn la fi ń se ọṣẹ. Irọ́ tí mo ti pa nípa rẹ̀ dé Onígbòǹgbò. Àmọ́ èyí kì í ṣe irọ́.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ wa. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká wo aago ara bọ́ílà, èyí tó ń fi agbára ooru inú rẹ̀ hàn, ká kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ló sì yẹ ká ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ dà nù, nítorí omi àdúgbò wa máa ń fi èépá funfun lẹ̀ mọ́ irin, bí ẹ̀kọ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Èmi, Mọ́ńdè ni mo máa ń kọ ìwé náà dé Sátidé. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ yẹn ti le ju ọwọ́ mi lọ, orúnkún mi kò sì gba àkàbà tí a fi ń dé ibi aago mọ́. Mo ń wọ́n àwọn nọ́ńbà náà bí ẹni ń wọ́n iyọ̀: mo gbé wọn sókè díẹ̀ láàárọ̀, mo rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbà náà ni yunifásítì rán ọmọbìnrin kan sí wa. Ó ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, iléeṣẹ́ wa sì ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣàdéhùn pé kí ó ka ìwé bọ́ílà wa, kí ó fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìgbà tó máa rẹ irin náà, ká má baà máa dá iṣẹ́ dúró lọ́dọọdún torí àtiṣí i wò. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní nínú gbogbo iléeṣẹ́ tí òun dé, láti Ìkẹjà títí dé Agége, ìwé tèmi ló gún jù. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ó mú èsì wá fún mánéjà. Kọ̀ǹpútà ní irin náà ṣì le koko, a lè lò ó fún ọdún méjì sí i láìṣí i. Mánéjà rẹ́rìn-ín, ó fagi lé ṣíṣí tọdún yẹn. Ọmọbìnrin náà wá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, ó fẹ́ jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fojú ara rẹ̀ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Èmi sì ti ń gbọ́ ohùn kan nínú irin yẹn. Kì í ṣe híhó. Á dún gbì, á dákẹ́, á tún dún, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ kan ìdérí. Irin tó bá ń dún bẹ́ẹ̀ lè bẹ́, àwọn tó ń po ọṣẹ sì pọ̀ lẹ́yìn ògiri.

Mo ní kí ó gbé àga rẹ̀ jìnnà. Mo ní iwin kan wà níbẹ̀ tí kì í fẹ́ òórùn lọ́fínńdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ó ń bá yín kírun."

Mo ti fi ẹnu mi ba ẹnu mi jẹ́. Irin náà tún dún gbì. Mo mú ìwé, mo ṣí i, mo gbé e lé e nítan.

"Ka Jímọ̀."

"Òní Túsìdeè ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ṣáà kà á."

Gbogbo wákàtí Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló pé síbẹ̀, a sì ti da ìdọ̀tí nù. Ó ń ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oṣù tó kọjá. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ìgbà wo lẹ ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Mo ní mi ò rántí.

Ó dìde, ó pa iná fúnra rẹ̀. Mánéjà sáré dé, ó ń jágbe pé ọṣẹ máa dì. Ọmọbìnrin náà dúró síwájú ibi tí wọ́n ti ń tan iná, ó ní tí wọ́n bá máa tàn án, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òun kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó tutù, wọ́n ṣí i. Èépá inú rẹ̀ nípọn tó ìka mi. Lábẹ́ rẹ̀, irin ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ó sì ti sán lójú kan.

Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Kí n tó kúrò, ọmọbìnrin náà bi mí bóyá èmi nìkan ló ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀, torí ìwé iléeṣẹ́ mẹ́rin mìíràn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mi ò lè wojú rẹ̀. Nínú mẹ́rin yẹn, èmi ni mo kọ́ mẹ́ta nínú àwọn tó ń ṣọ́ bọ́ílà níṣẹ́, títí kan kíkọ Jímọ̀ ní Mọ́ńdè.

Mo sọ fún un. Ó gbé báàgì kọ́ apá, ó sáré gba ẹnu géètì jáde. Mo ń fà tẹ̀lé e, mo ń nawọ́ sí àwọn ihò èéfín tó ń rú lápá Agége: ìyẹn, àti ìyẹn, àti èyí tó wà lẹ́yìn ìyẹn.