Òbúkọ Tí Ìyá Ààfin Rà

Ìyàwó àgbà bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà, nítorí ìyá tó bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú nígbà tí mo ṣì kéré. Ìyá Ààfin la máa ń pè é. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó bọ́ mi, ó rán mi níléèwé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe oore láìnídìí. Bó bá ti pè mí ní "ọmọ mi àtàtà," ara mi kì í balẹ̀ mọ́.

Nígbà tí bàbá mi wàjà, ọmọ méjì ni gbogbo ìlú ń wò: ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣe tíṣà ní Òmù-Àrán, àti ọmọ tí Ìyá Ààfin bí. Onígbàgbọ́ làwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn afọbajẹ márùn-ún jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn kan sì ti ń kùn ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti jọba tó. Kò pé oṣù kan tí ọmọ Ìyá Ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í kírun Jímọ̀. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ìyá ìjọ wa lọ́dún tó kọjá, ti fi ìbòrí bo orí, ó ń kí àwọn ààfáà ní "sàlámù aleekun." Àbí Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí àga ṣófo kó tó pè wọ́n ni?

Nígbà tí Kérésìmesì dé, ó ra òbúkọ ńlá kan. Ó ní kí a sè é, kí a fi ránṣẹ́ sí àwọn afọbajẹ lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo òbúkọ náà, mo wo ojú Ìyá Ààfin. Kí ló kàn án?

Nílé wa, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà ni. Nítorí náà, ààfáà àdúgbò ló máa ń dú gbogbo ẹran wa, ti Iléyá àti ti Kérésìmesì, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ ọwọ́ kúrò.

Ìyá Ààfin ní, "Ààfáà ti lọ sí Ìlọrin. Dírẹ́bà mi yóò dú u."

Onígbàgbọ́ ni dírẹ́bà náà, kì í sì í ṣe ọmọ ìlú wa. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká dúró de ààfáà."

"Ọmọ mi àtàtà, ilẹ̀ ń ṣú. Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Ohùn ààfáà yẹn gan-an ni mo gbọ́ nígbà tó ń pe ìrun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, mo di ẹsẹ̀ òbúkọ mú. Èmi náà ni mo gbé kúlà ẹran lọ sílé àwọn afọbajẹ.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti kún fóònù gbogbo ìlú: tíṣà fi òkúǹbete, ẹran tí Mùsùlùmí kò dú, bọ́ àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n pe gbogbo wa sí ààfin. Ìyá Ààfin ń sunkún, ó ń fi ìbòrí nu ojú.

Ó bi mí lójú gbogbo wọn pé, "Ta ló di ẹsẹ̀ ẹran náà mú?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní—"

"Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ ìyá tíṣà gan-an!"

Wọ́n wá dírẹ́bà tì. Ó ti gba ìlú rẹ̀ lọ. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ọmọ Ìyá Ààfin ni wọ́n fi jọba.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ìjọba gbé iṣẹ́ òun kúrò ní Òmù-Àrán lọ sí ibi tó jìnnà. Mo sìn ín dé gáréèjì. Kó tó wọ ọkọ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Nígbà tí Ìyá Ààfin ní kí dírẹ́bà dú u, ṣé o fura?"

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní òun náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà rù mí, òun ló máa ń gbèjà mi.