Ilé Ọjà Tí Àgbò Ìléyá Jẹ

Èmi kì í sunkún. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná. Nílé wa ní Dichemso, nílẹ̀ Asante tí a ń gbé, ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó lẹ́nu tó tèmi kò ní ohun tó fẹ́ fi omijé ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Àtàláátà kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgbàlá, mo ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, nítorí pé àgbò Ìléyá bàbá mi ti jẹ ìdánwò mi.

Ẹ máa rín in lọ. Èmi náà ti ń rín in báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Lọ́dọọdún, iṣẹ́ kan wà tó ju gbogbo ìdánwò yòókù lọ. Wọ́n á ní kí kálukú wa wo ohun kan tí Ọlọ́run dá, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe òkúta, ìbáà ṣe kòkòrò, kí á kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀, kí á fi ya ilé tí èèyàn á lè lò. A ó ya á sórí bébà, a ó tún fi pákó àti páálí kọ́ ọ ní kékeré, bí ilé ọmọláńgidi, a ó wá gbé e síwájú àwọn olùkọ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n bi wá ní ìbéèrè. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á tún ọdún náà ṣe. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, kó di ẹrù rẹ̀, ilé yá nìyẹn.

Èmi ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún tó ṣáájú, ìgbín ni mo mú. Ilé tí mo kọ́ rí bí ìkarahun ìgbín gẹ́lẹ́, ó yí po, ó ń dán gbinrin. Olùkọ́ àgbà wa, bàbá Asante kan tó máa ń fa awò ojú rẹ̀ wá sí góńgó imú, yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Ó rẹwà. Ibo ni wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì sí?” Mo wo ilé mi, mo wo bàbá náà. Kò sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì lè gbà wọlé tó yí roboto bẹ́ẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní, “Ìrísí ìgbín lo wò. O kò wo iṣẹ́ tí ìkarahun ń bá a ṣe.” Inú bí mi débi pé ẹ̀rín wọn nìkan ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá mi. Ó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia, ó sì ti sọ fún gbogbo ìlà ìsọ̀ wọn pé ọmọ òun ń bọ̀ wá kọ́ ilé fún ìjọba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbín tàn dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn alátẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá onílé ìgbín, ẹ kú ọjà o!” Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á sì dá wọn lóhùn. Bó bá délé, á máa tún ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ títí a ó fi jẹun tán. Mo búra pé n kò ní jẹ́ kí ojú tì í lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyẹn ni mo ṣe ní òrùlé ọjà ni mo máa kọ́ lọ́dún kejì. Inú Kejetia ni mo ti kọ́ ìrìn, mo mọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀. Bí òjò oṣù kẹfà bá fẹ́ rọ̀, ìjì ló máa ń kọ́kọ́ dé. Á gbọn páànù ìsọ̀ jìgìjìgì, á ká òmíràn bí ẹni ká ẹní, àwọn ìyá á fi ara bo ọjà wọn. Mo ní òrùlé bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ṣe fún wọn: odindi ewé ńlá kan, tó fẹ̀, tó dán, tí eegun rẹ̀ wà láàárín tí omi á gbà ṣàn lọ sí gọ́tà. Bàbá káfíńtà kan ní Anloga Junction bá mi fi pákó ṣe eegun rẹ̀. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni mo nà lé e lórí. Gúlúù ṣọ̀wọ́n bí ojú, mo bá bu sítáàṣì gbágùúdá tí ìyá mi fi ń le aṣọ bàbá mi. Gbogbo yín tẹ́ ẹ gbọ́n, ẹ ti mọ̀ pé a máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i kí áyọ́ọ̀nù má baà lẹ̀ mọ́ aṣọ. Èmi tí mo ń kàwé, kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Mo dojú odó délẹ̀, mo gbé òrùlé mi lé e lórí kó gbẹ lóòrùn. Àgbò wà ní ìdè rẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Mo wọlé lọ kírun Àsárì. Ní rákà kẹta, mo ń gbọ́ ohun tó ń dún kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́. Mo ní eku ni. Ẹni tó bá dúró níwájú Ọlọ́run kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, àbí? Mo parí ìrun mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí mo ṣe sálámà sọ́tùn-ún sósì tán, mo jáde. Okùn ti já. Àgbò dúró ti odó, bébà sìmẹ́ǹtì ń fì lẹ́nu rẹ̀. Ẹran tó ń jẹ iyọ̀ ọ̀fẹ́!

Mo fa igi tí mo fi ń fàlà yọ, mo sáré sí i. Ìyá mi tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà figbe ta: “Má fọwọ́ kàn án o! Bí o bá ṣẹ́ ẹ níwo, kí ni bàbá rẹ máa fi ṣe láyà?”

Òótọ́ ni. Àgbò láyà, ẹran tí a fi ń rúbọ lọ́jọ́ Ìléyá, kò gbọdọ̀ lábùkù. Kò gbọdọ̀ yarọ, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ́, ìwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹ́. Ìléyá sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbé igi sókè, n kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹran náà mọ̀, wàláhì ó mọ̀! Ó ń wò mí lójú, ó ń jẹnu lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fìdí jókòó tí mo ń ké.

Bàbá mi jáde láti ibi tó ti ń wo tírà rẹ̀. Alfa ni, kì í kánjú. Ó wo odó, ó wo àgbò, ó wò mí.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ rí i?”

“Àlàmísì ni, Bàbá. Ọ̀tunla. Ó ti bàjẹ́. Wọ́n á lé mi.”

“Ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá sánmọ̀ àti ilẹ̀,” ni ó wí. “Ìwọ, òrùlé ọjà lásán lo fẹ́ kàn. Dìde, lọ bọ́jú.”

Inú bí mi sí i. Mo dìde, mo gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ lọ bọ́jú níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa wà. Ìjì ti jà ní àná. Ó ti ká páànù fàráńdà àwọn ará ilé kejì, ó jù ú sínú gọ́tà. Mo gbé ojú sókè, omi ń kán lágbọ̀n mi, mo wá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ewé kan tó ṣì jẹ́ odindi. Gbogbo rẹ̀ ti fà ya sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, láti etí dé eegun. Igi náà sì dúró ṣánṣán.

Mo ti ń rí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò wò ó rí. Kò bá ìjì jà. Ó là fún un, ìjì gba àárín rẹ̀ kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo sáré padà sí àgbàlá. Àwọn eegun pákó ṣì dúró lórí òrùlé mi, àgbò ti jẹ bébà àárín wọn, ó ku tẹ́ẹ́rẹ́ níhìn-ín, tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Ìgbín ni mo tún kọ́! Ìrísí ewé ni mo tún wò, odindi ewé tó ń dán, tí ìjì Kejetia á gbé fò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹran yẹn kò bá jẹ ẹ́, èmi ni mo máa fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ síwájú àwọn tó máa lé mi.

Bí mo ṣe kí Súbúù tán ní Àlàrùbá, mo ti wà ní Anloga. Bàbá káfíńtà ní, “Me ba, ọmọ mi, ilé rẹ dà?” Mo ní, “Agya, odwan awe. Bàbá, àgbò ti jẹ ẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí èérún pákó rẹ̀. Nígbà tó gbádùn ara rẹ̀ tán, ó mú ìrándá, ó fá pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún mi, gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà. A tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ eegun méjèèjì: etí ti òkè borí ti ìsàlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò fara kanra, a fi àlàfo tí ìka lè wọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà. A tò ó, a tú u, a tún tò ó. Gúlúù inú ìkòkò rẹ̀ la lò. Ó ní èyí kì í ṣe oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti parí.

Ní Àlàmísì, mo gbé òrùlé mi dání, mo fi búta àlùwàlá bàbá mi há abíyá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wo búta, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gún ara wọn. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi gbójú kúrò.

Olùkọ́ àgbà fa awò wá sí góńgó imú. Ó yí i ká. “Àlàfo ló kún inú òrùlé rẹ. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi ní áńkáṣíìfù yín.”

Ó fún mi. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ òrùlé, mo gbé búta sókè, mo da omi sí i látòkè, gbogbo rẹ̀ pátá. Omi ń ti orí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ sórí ìkejì, ó ṣàn dé gọ́tà, ó dà sílẹ̀. Mo fa áńkáṣíìfù yọ, mo dá a padà fún un. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbẹ.

Mo tan fáànù tó wà lórí tábìlì wọn. Mo kọ́kọ́ fi páálí pẹlẹbẹ kan síwájú rẹ̀, tó fẹ̀ tó òrùlé mi. Fáànù gbé e fò, ó balẹ̀ sẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Mo wá gbé òrùlé mi síbẹ̀. Kò mira. Mo yí fáànù dé ìparí. Kò mira!

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀. “Ta ló fi èyí hàn ọ́?”

Mo lè parọ́. Mo ní, “Àgbò bàbá mi ni, sà,” mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ògiri fi ń mì, èmi pẹ̀lú wọn. Lọ́sàn-án yẹn náà ni wọ́n ka èsì. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè, òun ló sì gba ipò kìíní. Mo fò sókè, mo kígbe “Alihamudu lilahi!” n kò mọ̀ pé mo ti gun orí àga. Inú mi dùn, ó dùn dé eegun. Èmi tí wọ́n fẹ́ lé!

Wọ́n ní kí n fi òrùlé sílẹ̀ kí àlejò lè máa wò ó. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n mú un lọ ná, pé n ó dá a padà lọ́jọ́ Àtíní. Mo ní ẹnì kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Mo wọ tírótírò, ọkọ̀ akérò ìgboro, dé Kejetia, mo gbé e la èrò kọjá, mo gbé e sílẹ̀ lórí aṣọ tí ìyá mi ń tà. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi wò mí lójú. Ó ní, “O yege.” Mo ní, “Èmi ni mo ṣe ipò kìíní, Ìyá mi.” Ó dìde. Ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí láyé mi. Mo ní kí n pe alábàárù kó bá wa gbé òrùlé, ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́. Ó ká ìborùn rẹ̀ bí òṣùká, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó sì gba àárín ìlà ìsọ̀ wọn gan-an, ó ń rìn jẹ́jẹ́ kí gbogbo wọn lè rí i.

“Maame, ɛyɛ sɛn?” obìnrin kan bèèrè iye tó jẹ́.

“Yɛntɔn! A kì í tà á!” ni ìyá mi wí. “Ọmọ mi ló kọ́ ọ.”

Ẹlòmíràn bèèrè, ó tún sọ ọ́. Ẹsẹ̀ la fi rìn délé lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń pariwo “A kì í tà á!” bọ̀ títí a fi wọ Dichemso, níbi tí kò ti sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan mọ́.