Ọjà Ọlọ́jọ́ Márùn-ún Nínú Kọ̀ǹpútà Jẹ́jẹ́lọlá

Jẹ́jẹ́lọlá ló ń ṣe ripọ́ọ̀tù ní iléeṣẹ́ wa ní Challenge, níbi tí a ti ń kó ọṣẹ lọ fún àwọn ọjà abúlé. Ó gbọ́n, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí gbogbo wa máa rántí pé òun gbọ́n.

Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ kan ti rú u lójú. Ó ṣe kọ́lọ́ọ̀mù kan sínú ripọ́ọ̀tù, èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi ń ṣírò ọjọ́ tí mọ́tò yóò tún lọ sí ọjà kan lọ́nà Ìjẹ̀bú. Ìgbà mẹ́ta ni Alhaji Ṣàmsúdéènì, awakọ̀ wa, lọ tó sì gbé gbogbo ọṣẹ padà. Nígbà kẹrin, ọṣẹ tán pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún di ìgbà mẹ́ta lórí òfo, ẹ̀ẹ̀kan lórí rere. Irú idán wo nìyẹn?

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, ọ̀gá wa, kò rí idán kankan níbẹ̀. Ó ní ìgbà tó bá wu Alhaji ló ń dé ọjà, pé ó ń fi epo iléeṣẹ́ jẹ̀ kiri ni. Alhaji ní ìsọ̀ òfìfo lòun ń bá. Ọ̀gá ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dá náà ni ọjọ́ ọjà. Ó ti tẹ lẹ́tà tí yóò fi lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ fún un. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí ti ń wakọ̀ fún wa. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Ọṣẹ ṣáà ń padà wá.

Jẹ́jẹ́lọlá yẹ fọ́múlà náà wò títí. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, èsì kan náà ló ń mú wá. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, ó sì fi márùn-ún kún ọjọ́. Níbo wá ni àṣìṣe wà? Ó gbé e wá fi hàn mí, èmi náà wò ó, n kò mọ èwo ni ṣíṣe.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá Alhaji níbi tó ti ń fọ mọ́tò.

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà yẹn, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní òní ni ọjà.” Ó ká àtàǹpàkò rẹ̀ kò. “Òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n tún ń ná an nìyẹn.”

“Ẹ ka òní mọ́ ọn?”

“Ta ni kì í ka òní? Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?”

Jẹ́jẹ́lọlá, ọmọ Akóbọ̀ nígboro, tún un kà lórí ìka tirẹ̀. Ọjà Bódìjà tó mọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an. Mẹ́rin ló yẹ kó fi kún ọjọ́. Nítorí márùn-ún tó fi kún un, mọ́tò fi ọjọ́ kan pẹ́ nígbà àkọ́kọ́, méjì nígbà kejì, mẹ́ta nígbà kẹta. Nígbà kẹrin, ó fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà mìíràn.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, sà?”

“Mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi. O ní kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe.”

Ó lè yí márùn-ún sí mẹ́rin kó sì dákẹ́. Ta ni ìbá mọ̀? Ṣùgbọ́n lẹ́tà Alhaji ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Ó gòkè lọ, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Ọ̀gá fa lẹ́tà náà yọ, ó fi bírò fa igi lé orúkọ Alhaji.

“Epo oṣù méjì ti jóná lásán,” ó ní. “Orúkọ ta ni kí n wá kọ síbí?”

“Jẹ́jẹ́lọlá, sà.”