Agolo Ọ̀dà Tó Dorí Kodò

Bí ẹ bá bi Akínladé pé kí ló dé tí òkè inú àwòrán rẹ̀ fi pupa tó bẹ́ẹ̀, kò ní fi ọ̀rọ̀ ńláńlá da yín láàmú. Á kàn ní, "Pálọ̀ Alhaja Aminah nìyẹn." Bí ẹ bá tún bi í pé irú òjò wo ló ní àwọ̀ ìyeyè, á ní ilé ìdáná Labibah tó ń ránṣọ ni. Irọ́ kọ́ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Minna ni, pẹ́ńtà ni pẹ̀lú, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kun ilé onílé. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ agolo di tirẹ̀. Á kọ orúkọ onílé sórí ìdérí, á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Tunga Low Cost. Kì í ra ọ̀dà fún àwòrán. Àwọ̀ tí àwọn ará Minna bá fi sílẹ̀ ló fi ń ya Minna.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọdún kejìlá rèé, ó ń nu búrọ́ọ̀ṣì sára àjákù pákó kan, ni pupa bá lọ kan àwọ̀ ewé, ó sì dà bíi pé àárín àwọn méjèèjì ń mira. Akínladé dúró. Ó yí pákó náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà kan ṣoṣo, òkè tó wà lókèèrè bá yọjú. Oúnjẹ ọ̀sán tutù mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kó gbádùn: bí mo bá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn ńkọ́?

Uzair, tíṣà tó ń gbé ilé kejì, kò lè kọjá kó máà dá sí i.

"Kai, Bàbá Jọláolúwa! Ojú tí gbogbo wa fi ń wo òkè yìí náà lẹ fi ń wò ó. Níbo lẹ ti rí àwọ̀ àlùkò lára rẹ̀?"

"Ṣé o ti wò ó rí ní ìdájí, nígbà ọyẹ́?"

"Haba! Mò ń sùn nígbà yẹn."

"Tóò. Òkè kì í sùn."

Uzair rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ kejì, ṣé òun kọ́ ló dúró lẹ́nu géètì, tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo orí, tó ń ranjú mọ́ òkè?

Àwọn agolo Akínladé kì í jókòó bí agolo ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ló dorí kodò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dà á ṣàn lọ sídìí ìdérí, á dí i pa, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé lọ mú un gbẹ. Orúkọ àwọn onílé wá wà lábẹ́, wọ́n dojú kọ ilẹ̀. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá adìẹ ṣe mọ ọmọ rẹ̀.

Agolo kan ṣoṣo ni kò sí láàárín wọn. Wọ́n kọ "Màámi" sórí rẹ̀. Ní Keteren Gwari ni ìyá Akínladé gbé títí ó fi kú, yàrá rẹ̀ sì ní irú búlúù kan tí ṣọ́ọ̀bù kankan kò tà. Funfun ni màmá rà, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó ń bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó, títí ó fi rí bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti pé ọdún méje tó kú. Ẹbí ta ilé, ẹni tó rà á wó o, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀dà inú agolo yẹn nìkan ló kù nínú yàrá náà láyé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mofọláyọ̀, tó ń gbé ní Sauka Kahuta, ló dá ọ̀rọ̀ agolo náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń lọ. Dókítà ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà kò sì ní pẹ́ lọ.

"Akin," ó ní, "ya ilé Màámi fún mi kí ojú yìí tó ṣú. Yàrá tí àwa méjèèjì sùn sí yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí."

Ẹ̀ẹ̀meje ni Akínladé po búlúù. Ẹ̀ẹ̀meje náà ni Mofọláyọ̀ gbé e súnmọ́ ojú, tó mi orí. "Ó jọ ọ́. Kì í ṣe òun." Nítorí náà, ó ya gbogbo ilé tán: àgbàlá, igi máńgòrò tó fi ọ̀dà Alhaja Aminah kùn, àpáta ẹ̀yìn ilé. Ògiri yàrá nìkan ló fi sílẹ̀ lófìfo, ó ní òun á ṣí agolo Màámi láàárọ̀ Sátidé tí ẹ̀gbọ́n òun bá ń bọ̀. Ká sọ òótọ́, ẹ̀rù ló ń bà á láti ṣí i.

Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, tíṣà àwọn ọmọ kékeré, ló ń tọ́jú agolo náà. Láti ọdún tí màmá kú ló ti gbé e kúrò lẹ́yìnkùlé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó wà nínú àpótí aṣọ òun. Inú ọkọ dùn, kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde, ó fi gèlè dídára wé e. Orúkọ Màámi wà lókè téńté, ó mọ́ tónítóní. Akínladé rí i pé kò dorí kodò bí àwọn yòókù.

"Ìyá Jọlá, ṣé báyìí ló ṣe wà láti ọdún méje yìí?"

"Báwo ni ì bá tún ṣe wà? Ṣé kí n wá da ojú orúkọ ìyá ọkọ mi délẹ̀ ni?"

Ó fi orí ọ̀bẹ ṣí i. Ìdérí náà kò tilẹ̀ jà. Ọ̀dà ti gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bí èépá ẹ̀kọ nínú ìkòkò. Akínladé ṣàlàyé fún un ìdí tí òun fi ń da agolo dorí kodò. Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo gbé! Mo rò pé mò ń bu ọlá fún un ni."

Inú bí Akínladé. Ó jáde lọ síbi àwọn agolo rẹ̀, ó dúró. Fóònù dún. John, ọmọ Mofọláyọ̀, ló ń pè: àwọn ti wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó padà wọlé, Bọ́sẹ̀ ṣì jókòó sílẹ̀, agolo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe ọkọ, ṣùgbọ́n ìbínú kò tíì tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná tẹ ọ̀dà náà. Kò le bí òkúta. Ó rọ̀ díẹ̀, bí àtẹ́lẹ̀ bàtà.

Irú ìbéèrè ọjọ́sí bá tún dé. Báwo ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí?

Ó fi sísọ́ọ̀sì là ẹ̀gbẹ́ agolo, ó ṣí i bí ẹni ń bó ọsàn. Odidi ni ọ̀dà náà jáde, ó rí roboto. Ó yí i pa dà. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé rí nìyẹn, búlúù Màámi sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ tó pò ó.

"Dìde," ó sọ fún Bọ́sẹ̀. "Ìwọ lo máa ń gé páálí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Ìwọ ni kó o gé e."

Bọ́sẹ̀ nu ojú, ó mú ọ̀bẹ. Ó gé e ní ìwọ̀n ògiri, ó gé ojú fèrèsé sí i. Wọ́n fi gáàmù káfíńtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ṣófo nínú àwòrán, búlúù kọjú síta, wọ́n sì jọ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Sannunku o!" John nìyẹn, tó ń kí ará ilé lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kò lè wò ó lójú. Mofọláyọ̀ jókòó síwájú àwòrán, ó dorí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe báyìí, ó ń fi ìwọ̀nba ojú tó kù wá ọ̀nà.

"Pupa yìí, igi máńgòrò ni," ó ní.

Ó wá na ìka. Ìka náà rìn lórí àgbàlá, ó rìn gba abẹ́ igi, ó kọsẹ̀ lára ohun tó ga. Ó dúró. Ó tún rìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi já sínú ihò fèrèsé.

"Akin."

"Mo wà níbí, Àǹtí mi."

"Kì í ṣe àwòrán ògiri lèyí. Ògiri náà ni."

"Òun ni."

Mofọláyọ̀ di ojú méjèèjì pátápátá. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún gbé e padà, ó sì rí fèrèsé láìwá a kiri. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bó bá wá ṣú tán, mo ṣì máa mọ ọ̀nà ibẹ̀. Báwo lo ṣe rí i tọ́jú títí di òní?"

Akínladé wo Bọ́sẹ̀, tó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀, tí búlúù kún abẹ́ èékánná rẹ̀.

"Èmi kọ́," ó ní. "Ìyàwó yín ni."