Imú Orí Ajá Tí Aaltje Kọ́

Lubbert Hogeveen kì í ṣe òpùrọ́ èèyàn. Ọdún méjìdínlógún la fi jọ ṣe aládùúgbò ní Amersfoort, ògiri kan ṣoṣo ló la ilé wa, n kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Irọ́ náà kò gùn. Gbólóhùn méjì ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó pa á, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì panu mọ́. N kò lè sọ ìtàn yìí kí n yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀.

Títún ọkọ̀ ojú irin ṣe niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe odindi ọkọ̀ o. Apá irin kan wà tó máa ń dìde lórí òrùlé ọkọ̀, tó ń nà kan wáyà lókè kí iná lè wọlé. Apá yẹn nìkan ni Lubbert ń tọ́jú, fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Bí a bá jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí ọkọ̀ kan sáré kọjá, èmi á máa wo ọ̀nà, òun á máa wo òrùlé ọkọ̀.

"Apá èyí ń gbọ̀n," á ní. "Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ò mọ nǹkan kan."

Ìyàwó rẹ̀, Roelie, kú ní ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì. Ilé náà dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ aago rẹ̀ láti inú ilé tèmi. Ìgbà yẹn ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Aaltje, kó wá bá a láti Deventer. Aaltje kò lọ́kọ rí. Télọ̀ ni, aṣọ ìyàwó ló sì ń rán láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń la ògiri kọjá. Kò tí ì lò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi gun òkè àjà lọ láti palẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ó sì bá àpótí ńlá kan níbẹ̀ tó kún fún bíríkì ìṣeré, àwọn oníke aláràbarà tó ní kókó lórí tí a fi ń há wọn mọ́ra, tí àwọn ọmọ Lubbert fi ń kọ́lé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n gbé e fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni," ni Lubbert wí. "Sọ ọ́ kalẹ̀ síbí ná."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún jẹun lórí tábìlì ilé wọn. Orí itan ni wọ́n ń gbé àwo sí.

Ẹgbẹ́ kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, àwa méje, a máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé nínú ilé ìpàdé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Bíríkì ìṣeré la fi ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin oníná, tàwọn ará Switzerland, tàwọn ará Faransé, ti Jámánì. Èmi ni mo mú Lubbert lọ. Dókítà eyín kan láàrin wa, Wouter, ló máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Àwa yòókù ń ti ọkọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni Lubbert fẹ́ kọ́ láyé: Orí Ajá. Ọkọ̀ náà ti wà nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́. Iwájú rẹ̀ yọ síta, ó wú, ó sì rọra tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ajá tó ń gbóòórùn nǹkan, ìyẹn ni gbogbo ìlú fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Aaltje náà mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń wọ̀ láràárọ̀ lọ sí Utrecht nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bíríkì ní igun mẹ́rin, imú ajá kò ní igun kankan. Lubbert tò ó títí, ó tú u, ó tún un tò. Ó gbé èyí tó san díẹ̀ wá sí ìpàdé. Wouter yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá Lubbert, ajá yín yìí, ṣé ó sáré kọlu ògiri ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lubbert náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n.

Aaltje kọ́kọ́ ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ní aago mẹ́wàá tí gbogbo ilé ń mu kọfí, ó gbé ife tirẹ̀ wá sídìí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí kókó orí gbogbo bíríkì yín fi ń wo òkè?"

"Bí bíríkì ṣe rí nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Aṣọ náà, pẹlẹbẹ ló rí. Ṣùgbọ́n àyà ìyàwó kì í ṣe pẹlẹbẹ. Ká ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ń da aṣọ kọ bí ẹ ṣe ń ṣe yìí, gbogbo ọmọge Deventer ni ì bá wọ páálí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Má fi ọ̀rọ̀ àyà ìyàwó wé ọkọ̀ ojú irin, Aaltje."

"Kí ni mo tún fẹ́ fi wé e? Ẹ sún, ẹ fún mi láyè."

Bó ṣe jókòó nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Ó kọ́kọ́ yà á sórí ìwé tí àwọn télọ̀ fi ń gé aṣọ, ó wá ń yí bíríkì: kókó òmíràn wo ẹ̀gbẹ́, òmíràn wo iwájú, òmíràn dojú délẹ̀ pátápátá, gbogbo wọn wá di ara wọn mú nínú níbi tí ojú kò tó. Mo lọ dá àkàbà wọn padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì bá a nídìí iṣẹ́ náà, òun nìkan. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láàrin ètè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ kankan nítòsí. Ọwọ́ ti mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó parí, Lubbert bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan tábìlì, ó wo imú náà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Òun nìyí," ló wí. "Òun gan-an nìyí."

"Ó ku apá orí òrùlé," ni Aaltje dá a lóhùn. "Ìyẹn dọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Lubbert kọ́ apá náà, ó sì ń dìde, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń kan okùn dúdú tí Aaltje fún un láti fi ṣe wáyà. N kò tí ì rí kí inú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ohun tí kò tóbi ju búrẹ́dì méjì lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ẹgbẹ́ wa lọ pàtẹ iṣẹ́ wa ní Zwolle. Èmi ni mo wa ọkọ̀, àwọn méjèèjì jókòó pẹ̀lú àpótí Orí Ajá láàrin wọn. Kò pẹ́ tí ìpàtẹ bẹ̀rẹ̀ tí àwọn èèyàn fi rọ́ bo tábìlì wa. Àwọn àgbà ọkùnrin ló pọ̀ jù, àwọn dírébà àtijọ́, àwọn tó ń yí ojú irin fún ọkọ̀ nígbà kan. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka kan ra imú náà, ó ń mi orí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá láti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn àwa tó ń fi bíríkì kọ́ nǹkan, ó gbé gègé dání.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe imú yìí?"

Lubbert wo àwọn ọkùnrin tó yí i ká. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èmi ni," ló wí. "Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi bá a jìjàkadì."

Aaltje ti dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lọ gbé agbọ̀n búrẹ́dì oníwàràkàṣì wá láti inú ọkọ̀ mi. Mo rí i. Ó dúró, ó fún un láyè, bí ẹni tó mọ̀ pé gbólóhùn kẹta ṣì ń bọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ń kọ̀wé. Kò sí gbólóhùn kẹta. Aaltje rọra gbé agbọ̀n sórí tábìlì.

"Oúnjẹ yín rèé," ló wí, ó sì lọ jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì ni, kí àlejò má dá sí i. Nígbà tí à ń padà sílé, Lubbert ń wo ojú fèrèsé, Aaltje sì ń bi mí bóyá àlùbọ́sà eléwé inú ọgbà mi ti tó tu.

Ìwé ìròyìn náà jáde pẹ̀lú àwòrán, wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí bíríkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù gbà á lò, àwọn ará Jámánì fi kọ́ tiwọn, wọ́n sì ń pè é ní imú Hogeveen.

Aaltje kò bínú síta. Kọfí ń jáde ní aago mẹ́wàá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún jókòó sídìí tábìlì yẹn mọ́.

"Aaltje, wá bá mi wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí."

"Ọwọ́ mi dí, ẹ̀gbọ́n mi."

Bí wọ́n ṣe lo ìgbà òtútù nìyẹn. Lubbert sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojoojúmọ́ lòun ń retí kó bú òun, kí òun lè rí ibi tóun máa gbà tọrọ àforíjì. Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, Aaltje ní òun ń padà sí Deventer, pé àárò àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ òun. Mo bá wọn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà sínú ọkọ̀ mi. Lubbert dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí i títí a fi yà síbi ìkóríta.

Ọdún kejì ni Lubbert tó pè mí.

"Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe èmi?"

"Mo mọ̀. Mo rí i tó ń ṣe é."

"O ò sì sọ̀rọ̀."

"Mi ò sọ̀rọ̀."

"Àwọn ọkùnrin yẹn ń wò mí, àbí o ò rí wọn? Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé télọ̀ ló kọ́ mi ní ọkọ̀ ojú irin."

Ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn náà, lẹ́tà náà padà, wọ́n ti kógbá wọlé. Ó dìde níwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo wa. Wouter fọwọ́ gbá a léjìká. "Kí ló wá burú, ọ̀gá? Ṣebí Hogeveen lòun náà." Lubbert kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn tó ń rò pé Aaltje ni." Wọ́n gbé kọfí wá, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Orúkọ ti ràn kárí.

Ọdún 2017 ló tó lọ bá Aaltje. Èmi ni mo tún wa ọkọ̀. Ilé rẹ̀ kọjú sí odò IJssel. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ kó tó mọ ẹni tó dúró níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti lọ. Àárín ojú náà ti fọ́, ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ló ṣì fi ń ríran, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó bu kọfí fún wa, ó ti ìka bọ inú ife kó lè mọ ìgbà tó kún.

"Aaltje, ọ̀rọ̀ Zwolle yẹn," ni Lubbert bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀? O ò bá ti gbá mi létí!"

"Ṣé kí n wá máa bẹ̀ yín ni, lórí ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe?" Ó wá ife rẹ̀ kàn. "Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí fún yín. Mo ti ya ọkọ̀ kejì. Ti àtijọ́ yẹn, èyí tó wà ṣáájú ogun, tí orí ẹ̀ rí róbótó. Gbogbo ẹ̀ ni mo yà, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Inú agbọ̀n búrẹ́dì ni mo tọ́jú ìwé náà sí lọ́jọ́ yẹn. Mo ní tí ẹ bá ń jẹun, màá nà án síwájú yín, kí n wo ojú yín."

Lubbert gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìwé náà dà?"

"Mo gé e. Mo fi tẹ́ inú dúrọ́ọ̀."

Èmi ni mo ṣí àwọn dúrọ́ọ̀ náà. A kó ṣíbí àti fọ́ọ̀kì kúrò. Ìwé náà wà lábẹ́ wọn lóòótọ́, ìlà pẹ́ńsù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kọfí àti òróró ti bà á jẹ́ káàkiri. Ègé mẹ́rin la rí. Aaltje ní ègé mẹ́sàn-án ni, pé òun ti da àwọn tó rà nù nígbà tí òun ń fọ dúrọ́ọ̀. Lubbert to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

"Forí jì mí, Aaltje."

"Mo ti forí jì yín. Ẹ dìde, orúnkún yín á dùn yín."

Ó kó ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sílé. Ó ti fi wọ́n kọ́ orí ọkọ̀ náà àti èjìká kan, ó sì dára, ó ju Orí Ajá lọ. Ibi tí èjìká kejì ti yẹ kó pàdé òrùlé ni kò yé e, ìwé ibẹ̀ kò sí. Ó máa ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á yí ohùn rẹ̀ sókè, mo sì máa ń gbọ́ àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìn ògiri.

"Níbi tó ti tẹ̀ yẹn, Aaltje, ṣé ẹ̀gbẹ́ ni kókó ẹ̀ kọjú sí, àbí ìsàlẹ̀?"

Aaltje á rò ó. Ọjọ́ mìíràn á ní ẹ̀gbẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á ní ìsàlẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rántí mọ́," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òjò.