Àwọn Ará Ilé Ọkọ Tí Bùsírátù Gbìn

Ewé ni Bùsírátù ń gbìn ní Wásinmi, kì í ṣe èyí tí à ń jẹ, kì í sì í ṣe èyí tí à ń fi ṣe àgbo. Bẹ̀góníà ni: òmíràn ní àwọ̀ fàdákà, òmíràn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́, òmíràn ká bí ìkarahun ìgbín. Àwọn ọ́fíìsì Òkè-Ìléwó ló ń rà wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Nínú ilé onínáílọ́ọ̀nù tí a fi nẹ́ẹ̀tì dúdú bò, yóò tẹ́ ewé kan sórí iyanrìn tútù, títí ọmọ wẹ́wẹ́ yóò fi hù lára iṣan rẹ̀.

Orúkọ òyìnbó wọn ló kọ́kọ́ fún un ní wàhálà. Adéṣọlá, obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, kò lè pè wọ́n. Òun náà kò lè rántí wọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni Bùsírátù. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti wọ agboolé ọkọ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, kò pe ará ilé kankan ní orúkọ rí. Olúkúlùkù ló ti fún ní orúkọ tirẹ̀, bí àṣà ti wí. Orúkọ pọ̀ nílẹ̀. Ó gé ọmọrí ike bọ́tà wẹ́wẹ́, ó kọ orúkọ tó ti fún àwọn ará ilé ọkọ sí i, ó kọ ìwà ewé kọ̀ọ̀kan sábẹ́ kí Adéṣọlá lè mọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀, ó sì kì wọ́n bọ inú ìkòkò. Ó dá a lójú pé kò sí ará ilé ọkọ tí yóò ya Wásinmi.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìdílé ni ilẹ̀ náà. Tawheed, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ti Abẹ́òkúta lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ní kí wọ́n tà á fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Àlájà Haleemah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, àgbà gbogbo wọn, ló ni àṣẹ, ó sì ní òun yóò wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n tó ṣe ìpàdé. Bùsírátù pinnu láti yọ gbogbo àkọlé náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni Àlájà dé.

"Ẹ káàárọ̀, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi." Bùsírátù kúnlẹ̀, ó fi ara bo ìkòkò iwájú. "Ẹ ò jẹ́ ká gbọ́ pé ẹ ń bọ̀."

"Kí ẹ gbọ́, kí ẹ lè ṣe kí ni? Dìde jàre, ìyàwó. Kí lò ń fi ara bò?"

Àlájà fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀, ó kà: "'Akọ̀wé. Ewé rẹ̀ gbòòrò, gbòǹgbò rẹ̀ kò tó nǹkan. Oòrùn díẹ̀, ó ti dákú.'" Ó gbójú sókè. "Ta ni Akọ̀wé?"

"Ewé ni, mà."

"Mo rí i pé ewé ni. Tawheed lo máa ń pè ní Akọ̀wé nílé."

Adéṣọlá rántí pé òun ní iṣẹ́ lẹ́yìn ilé.

"'Baálé,'" Àlájà tún kà. "'Kì í yọ èèyàn lẹ́nu, kì í sì í tètè hù.' Ọkọ ẹ nìyẹn. Ó lé ní ọmọ ọdún méjì kó tó rìn."

Ìkòkò tó kàn ni ti Ìdílẹ̀kẹ̀. Bùsírátù ti ń fojú inú rí búlọ́ọ̀kù tó tò bẹẹrẹ níbi tí ewé rẹ̀ wà.

"'Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó lẹ́wà ju gbogbo wọn lọ. Má wọ́n omi sí i lójú. Bó bá bínú, oṣù mẹ́ta ni.'" Àlájà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìgbà wo ni mo bínú fún oṣù mẹ́ta?"

"Iléyá èṣí, mà. Ọ̀rọ̀ igẹ̀ àgbò." Ó bọ́ lẹ́nu Bùsírátù kó tó mọ̀.

Àlájà ronú díẹ̀. "Oṣù mẹ́rin nìyẹn," ó ní. "Tún un kọ."

Bùsírátù tún un kọ lójú ẹsẹ̀.

"Ó dáa. Gbé Akọ̀wé yẹn sínú mọ́tò mi. Bí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, èmi fúnra mi ni màá kà á sí wọn létí."

Ó kà á nípàdé lóòótọ́. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Tawheed rí àyè dárúkọ búlọ́ọ̀kù, Àlájà sì ní ilẹ̀ Wásinmi kò sí fún títà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ará ilé ọkọ mẹ́jọ ló ya wọ ilé onínáílọ́ọ̀nù, olúkúlùkù ń wá ara rẹ̀ kiri láàárín ìkòkò. Ameenah, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kéré jù, wá tirẹ̀ tì.

"Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ilé yìí ni?"

"Ẹ má bínú, Eyínmẹ́nugún mi," Bùsírátù wí. "Tiyín ṣì wà nínú iyanrìn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ìwà rẹ̀ ná."