Orúkọ Òkè Afọ́jú

Ojú ń ti àwọn kan láti pe orúkọ àdúgbò tí wọ́n ń sùn tí wọ́n ń jí. Òkè Afọ́jú ni orúkọ náà, òpópónà olókùúta kan ní Ìgbẹ̀ìn, l'Abẹ́òkúta. Àwọn onílé tuntun tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó ló ń tì lójú. Wọ́n ní bí àwọn bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ fọ́ọ̀mù làwọn wọ̀nyí ń wò.

Àlájà Àlímátù mọ ìtàn ibẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ó ń ta abọ́ àti báfù níwájú ilé ọkọ rẹ̀ tó ti kú, Alájì Sàlàhúdíìnì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ fún un pé obìnrin kan gbé ibẹ̀ rí tí ṣọ̀pọ̀nná fọ́ lójú, Oyíndà. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Láràárọ̀ ló ń fi ọ̀pá tálẹ̀ lọ sódò, á pọnmi kún ìkòkò tó gbé sórí òkè, kí ẹni tó bá ru ẹrù gòkè lè rí mu. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn aláàárù á ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi lọ́dọ̀ afọ́jú," títí ó fi dorúkọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Akínrẹ̀mí, alága ẹgbẹ́ onílé, mú ìwé tí wọ́n fẹ́ fi yí orúkọ náà padà wá bá a. Ilé Alájì ló pẹ́ jù níbẹ̀, ẹgbẹ́ kò sì lè gbé ìwé náà dé káńsù bí ìyá ò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Àwọn ọmọ mi ò lè sọ ibi tí wọ́n ń gbé ní sùkúù. Wọ́n ń pè wọ́n lọ́mọ afọ́jú."

"Ṣé wọ́n fọ́jú ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ń dùn wọ́n?"

Ọlọ́gbọ́n ni Akínrẹ̀mí, ó ti fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀ kó tó wá. Ó ní orúkọ tuntun tí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí ni Òpópónà Alájì Sàlàhúdíìnì.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìyá lára, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ orúkọ náà lórí ìwé, omi lé sí i lójú. Tawheed, ọmọ orogún rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà, ti pè é láàárọ̀ pé kó tètè fọwọ́ sí i, pé iyì ńlá ni. Ó mú báírò. Ó gbé e sílẹ̀.

"Alága, ọkọ mi bí ọmọ mẹ́fà. Kò sí ọjọ́ tẹ́nì kan ò ní pe orúkọ ẹ̀. Oyíndà ò bímọ. Èmi náà ò bímọ, o sì mọ̀. Ohun tójú mi rí nítorí ẹ̀ nínú ilé yìí, mi ò lè rò ó tán. Òkè yìí nìkan lọmọ tí Oyíndà ní. Tí mo bá fọwọ́ ara mi pa á, ta ló máa pe tèmi?"

"Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ ẹgbẹ́ ti dìbò."

"Kí ẹgbẹ́ wá bá mi tọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà yẹn."

Ó ká ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó pe Bọ́lárìnwá tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù, ó ní kó kọ orúkọ àdúgbò gàdàgbà sára ògiri òun, níbi tí gbogbo mọ́tò tó ń lọ sÉkòó ń gbà kọjá. Bọ́lárìnwá kọ ọ́ tán, ó ń palẹ̀ ọ̀dà mọ́.

"Kò tíì tán," ni ìyá wí. "Kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: Oyíndà lorúkọ rẹ̀."